Láíbìrì kékeré wa fún àmì ohùn Yorùbá: ká gbé e sábẹ́ àjọ ni, àbí ká máa tọ́jú rẹ̀ fúnra wa?

Ajílété_Kóòdù · ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, ní Sábó. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé mi lọ́kàn, mo ní kí n gbé e síwájú yín.

Ní 2019, èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga bẹ̀rẹ̀ láíbìrì Java kan, ìyẹn àkójọ kóòdù tí ẹni tó ń fi èdè kọ̀ǹpútà Java kọ sọ́fítíwìà lè mú lò. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú àti ìwé ìpè ìgbéyàwó ló fà á. Gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti wá orúkọ ìdílé kan, kọ̀ǹpútà á ní òun ò rí i, bẹ́ẹ̀ orúkọ ọ̀hún ń wò ó lójú kòrókòró. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, a rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì kì í tẹ "ọ" bákan náà. Ọ̀kan ń fi àmì roboto sí abẹ́ lẹ́tà, U+0323 ni nọ́ńbà rẹ̀ nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí àwọn kọ̀ǹpútà ń lò. Èkejì ń fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán sí i, U+0329. Lójú èmi àti ẹ̀yin, ọ ni ọ ń jẹ́. Kọ̀ǹpútà kò gbà bẹ́ẹ̀, Normalizer, irinṣẹ́ tó bá Java wá láti mú ọ̀nà ìkọ̀wé bára mu, náà kì í sọ àwọn méjì yẹn di ọ̀kan.

Ẹ wá gbé àmì ohùn lé e lórí. "Ọ̀yọ́" tí a ń rí bíi lẹ́tà mẹ́ta, márùn-ún ni Java kà á sí bó bá wà ní NFC, níbi tí wọ́n ti so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ bó bá ṣeé ṣe. Bó bá wà ní NFD, níbi tí wọ́n ti tú gbogbo àmì sílẹ̀, ó di méje. Ìdí ni pé ọ tó ní àmì ohùn lórí kò ní kóòdù kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, àfi ká to ọ̀kan lé èkejì. Títo orúkọ náà tún wà níbẹ̀. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, lẹ́tà kan ni gb, ẹ̀yìn g ló sì wà. Gíwá ló yẹ kó ṣáájú Gbénga nínú ìwé orúkọ, ṣùgbọ́n bí a bá to ó bí òyìnbó ṣe ń to tiwọn, Gbénga ni yóò bọ́ síwájú.

Ohun tí láíbìrì wa ń ṣe nìyẹn: ó ń tún àmì ṣe, ó ń to orúkọ lọ́nà Yorùbá, ó sì ń bọ́ àmì kúrò bí ẹni tó ń wá nǹkan kò bá tẹ àmì. Kóòdù rẹ̀ kò pọ̀. Láísẹ́ǹsì MIT ló wà lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi ti lọ sí Kánádà báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ GPG (fáìlì àṣírí ni) tí a fi ń buwọ́ lu release, ìyẹn ẹ̀yà tuntun, kí Maven Central, ibi tí àwọn tó ń kọ Java ti ń mú láíbìrì, tó gbà á wà. Laptop rẹ̀ bàjẹ́, iṣẹ́ tuntun kò jẹ́ kó ráyè, oṣù mẹ́rin gbáko la ò fi rí release gbé jáde. Àṣìṣe kan wà nínú ẹ̀yà tó wà níta tí mo ti tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà mi tipẹ́. Àwọn èèyàn ń kọ̀wé sí mi, mi ò rí nǹkan kan ṣe. Ó dùn mí gan-an, torí mo mọ àwọn tó ń fi láíbìrì yìí ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn.

Ṣé ká gbé e lọ sábẹ́ àjọ ńlá tó ń tọ́jú sọ́fítíwìà ọ̀fẹ́, bíi Apache? Àbí ó ti kéré jù fún wọn?

ỌmọAkẹ̀sán · ọjọ́ Àìkú, 9:22 alẹ́

Ẹ gbé e lọ! Kí lẹ tún ń rò? Láti Ọ̀yọ́ níbí ni mo ti ń lò ó, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló ṣe é. Ẹ rántí left-pad ní 2016: ìlà kóòdù mọ́kànlá péré, ẹni tó ni ín yọ ọ́ kúrò lórí npm, ibi tí àwọn tó ń kọ JavaScript ti ń mú láíbìrì, iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì dẹnu kọlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kékeré kọ́ lọ̀rọ̀ kékeré. Ohun tí gbogbo èèyàn gbára lé kò yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ìyá_Ìbejì · ọjọ́ Ajé, 5:50 àárọ̀

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o kú àfaradà. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wà nínú ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ Apache. Mo ti rí èyí tó wọlé tó yọrí, mo ti rí èyí tó wọlé tó kú síbẹ̀. Jẹ́ kí n sọ bí ọ̀nà náà ṣe rí, kí o tó gbé ẹrù karí.

1999 ni wọ́n dá Apache Software Foundation sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 2002 wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Incubator, ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó ń ti ìta bọ̀ ń gbà wọlé. Bí ọmọ tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ lẹ ó ṣe rí níbẹ̀. Ẹ lè mọ aṣọ rán kẹ́ ẹ tó dé, síbẹ̀ ọ̀gá fẹ́ rí ìwà yín, bẹ́ ẹ ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, bẹ́ ẹ ṣe ń parí ìjà láàárín ara yín, kó tó ṣe fúrídọ̀ọ̀mù fún yín. "Podling" lorúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ tó wà nípò ọmọṣẹ́ yìí.

Ẹ ó kọ ìwé àbá. Ẹ ó wá ọmọ ilé kan tó máa dúró fún yín, Champion ni wọ́n ń pè é, ẹ ó sì ní àwọn mentor tí yóò máa tọ́ yín sọ́nà. Wọ́n á jíròrò rẹ̀ ní gbangba lórí mailing list, wọ́n á sì dìbò. Ìbò kì í dín ní wákàtí 72, torí ẹni tó wà ní Japan àti ìwọ tó wà ní Sábó kì í jí nígbà kan náà, ẹlòmíì sì ní iṣẹ́ oṣù tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá wọlé, ìròyìn lóṣooṣù fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Release kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rí +1 (ìbò ìfọwọ́sí) mẹ́ta, ó kéré tán, gbà lọ́wọ́ àwọn tí ìbò wọn ní agbára níbẹ̀, +1 sì gbọ́dọ̀ ju -1 (ìbò àtakò) lọ. Source, kóòdù bí èèyàn ṣe kọ ọ́, ni wọ́n ń dìbò lé lórí o, kì í ṣe jar, fáìlì tí a ti pèsè fún kọ̀ǹpútà. Ẹni tó fẹ́ dìbò gbọ́dọ̀ gbé e sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kó kọ́ ọ di fáìlì tó ń ṣiṣẹ́, kó yẹ ìbuwọ́lù wò, kó wo bóyá láísẹ́ǹsì pé.

Gbogbo ìyẹn, ẹ lè ṣe é. Èèyàn ló sábà máa ń wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀ nínú ilé yẹn ni pé àwùjọ ló ṣáájú kóòdù. Bí kóòdù bá dára tó, tó bá jẹ́ pé èèyàn méjì tó jọ jáde ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ló ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe, wọn ò ní í jẹ́ kó gba fúrídọ̀ọ̀mù. Nítorí náà, dá mi lóhùn: yàtọ̀ sí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ, mélòó ló wà níbẹ̀?

Ajílété_Kóòdù · ọjọ́ Ajé, 7:15 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an mà. Mo ka iye wọn lálẹ́ àná. Àwọn mọ́kànlá ló ti fi nǹkan ránṣẹ́ rí. Ọ̀pọ̀ wọn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wá déédéé, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ń gbé ní Under G, àdúgbò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Òun ló kọ apá tó ń to gb, kódà ó kọ ọ́ dára ju bí èmi ìbá ti kọ ọ́ lọ.

Amòfin_Ajílété · ọjọ́ Ajé, 1:30 ọ̀sán

Iṣẹ́ òfin ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni mí. Ẹ fojú ilẹ̀ ẹbí wò ó. Bí bàbá bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ mọ́kànlá, tí àkọ́bí dá nìkan lọ buwọ́ lùwé fún ẹni tó ń rà á, ọjọ́ tí àbíkẹ́yìn bá dé láti ìdálẹ̀ ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Kóòdù náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ìlà kan ló ni ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí ìlà yẹn, àfi bó bá ti kọ̀wé gbé e sílẹ̀. Àjọ tó bá mọṣẹ́ kò ní í gbà á lọ́wọ́ ẹni méjì láìbi wọ́n pé àwọn yòókù ńkọ́.

Ní Apache, ìwé tí olúkúlùkù olùkọ kóòdù ń buwọ́ lù ni ICLA. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Kò gba ẹ̀tọ́ àdàkọ kúrò lọ́wọ́ yín, àṣẹ ló fún àjọ láti lò ó, kí ó sì pín in lábẹ́ láísẹ́ǹsì tirẹ̀. Ti kóòdù tó ti wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé, Software Grant ni. Àmọ́ orúkọ yàtọ̀. Orúkọ láíbìrì yóò di ti àjọ pátápátá, bẹ́ ẹ bá sì kúrò lọ́la, ẹ ò lè mú orúkọ náà dání.

Ọ̀rẹ́ yín tó wà ní Kánádà ńkọ́? Kó mú ìwé tó fi gba iṣẹ́ jáde, kó kà á dáadáa. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ bá kọ, kódà lálẹ́ nínú ilé rẹ̀, tiwọn ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà ló máa buwọ́ lu ìwé tirẹ̀, ìyẹn CCLA.

Olóòótọ́_Ọ̀rọ̀ · ọjọ́ Ajé, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ dákun, mo fẹ́ tako èyí díẹ̀, ìfẹ́ láíbìrì náà ló ń mú mi sọ ọ́. Kí gan-an lẹ rò pé àjọ máa ṣe fún yín? Àjọ kì í kọ kóòdù. Log4j, láíbìrì Java kan, wà lábẹ́ Apache nígbà tí wàhálà Log4Shell, àlébù tó lè jẹ́ kí ọ̀daràn gba kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà, bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2021. Gbogbo ayé ló ń sáré kiri lọ́sẹ̀ náà. Àwọn tó jókòó tún un ṣe, olùyọ̀ǹda ara ẹni ni wọ́n, Apache kì í sanwó kóòdù fún ẹnikẹ́ni. Bó bá rẹ̀ yín ní Sábó, yóò rẹ̀ yín lábẹ́ Apache, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ ó tún máa kọ ìròyìn.

Kọ́kọ́rọ́ ni ìṣòro yín. Ẹ ṣe kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, kí èèyàn mẹ́ta ní àṣẹ lórí Maven Central, kẹ́ ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ.

ỌmọAkẹ̀sán · ọjọ́ Ajé, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò jẹ́ ẹnì kẹta? Ọ̀rọ̀ xz, sọ́fítíwìà tó ń fún fáìlì pọ̀, ní 2024 ṣì wà lọ́kàn mi. Ẹnì kan ló ń tọ́jú rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, àwọn kan ń fúngun mọ́ ọn pé kó gba olùrànlọ́wọ́. Ó gbà á, olùrànlọ́wọ́ náà fi ọdún bíi méjì ṣe dáadáa, lẹ́yìn náà ló kó májèlé sínú release. Bí kì í bá ṣe pé Andres Freund fura pé SSH, ọ̀nà tí èèyàn ń gbà wọ kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíì, ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ibi tí ì bá dé kò ṣe é rò. Bí ìbò bá wà, tí ojú púpọ̀ sì ń wò ó, èmi á lè sùn.

Olóòótọ́_Ọ̀rọ̀ · ọjọ́ Ajé, 5:31 ìrọ̀lẹ́

Òótọ́ lo sọ nípa ojú púpọ̀. Ṣùgbọ́n ojú náà ló ṣòro láti rí fún láíbìrì àmì ohùn Yorùbá. Ta ni ní Japan tó máa mọ̀ bí ọ̀ bá di ọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́_UnderG · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:20 òru

Ẹ kú òru o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni ọmọ tí ẹ̀gbọ́n Ajílété sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdánwò ni mò ń kàwé fún, mo wá rí i pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ wa níbí.

Mo ní ohun méjì tó yẹ kí n jẹ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà. Nígbà tí mò ń kọ́kọ́ kópa, mo mú iṣẹ́ kan, bí ogójì ìlà, láti inú sọ́fítíwìà mìíràn torí ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní alẹ́ yìí ni mo lọ wo láísẹ́ǹsì rẹ̀. GPL ni, èyí tó ní kí ẹni tó bá fi kóòdù náà kún tirẹ̀ pín gbogbo rẹ̀ lábẹ́ láísẹ́ǹsì kan náà. Èkejì, fáìlì ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò, inú ìwé atúmọ̀-èdè kan tí wọ́n ń tà lọ́jà ni mo ti tẹ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ọ̀ràn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.

Ìyá_Ìbejì · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:44 àárọ̀

Ọmọ mi, a ò bínú. Ìwọ tó sọ ọ́ fúnra rẹ kí ẹnikẹ́ni tó bi ọ́, irú ẹ là ń wá.

Bó ṣe máa rí nìyí. Apache kò gba kóòdù GPL sínú iṣẹ́ rẹ̀, kò gba LGPL tó jọ ọ́ náà. MIT àti BSD kò ní wàhálà. Nítorí náà ogójì ìlà yẹn gbọ́dọ̀ kúrò, kì í sì í ṣe ìwọ ló yẹ kó tún un kọ, torí o ti rí ti ẹlòmíràn, ọwọ́ rẹ á kàn máa tọ ipa rẹ̀. Kí ẹni tí kò rí i rí kọ ọ́ láti inú àlàyé lásán: ohun tó gbọ́dọ̀ gbà, ohun tó gbọ́dọ̀ mú jáde. Fáìlì ọ̀rọ̀ náà, ẹ pa á rẹ́, kẹ́ ẹ kó tuntun jọ fúnra yín. Ẹ jókòó ti àwọn ìyá yín, kẹ́ ẹ kọ orúkọ oúnjẹ, orúkọ igi, orúkọ àdúgbò. Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ ti tó ìdánwò kan: lẹ́tà méje ní Yorùbá, Java á sì ka mẹ́wàá ní NFC.

Ní ti àwọn mọ́kànlá, ẹ kọ̀wé sí gbogbo wọn. Ẹni tẹ́ ẹ ò bá rí, tí ohun tó fi sílẹ̀ kò ju àtúnṣe kékeré lọ, kóòdù rẹ̀ lè dúró lábẹ́ MIT tó fi gbé e wá, kẹ́ ẹ ṣáà fi ìkéde láísẹ́ǹsì náà sílẹ̀ níbẹ̀.

Wàyí o, Olóòótọ́ béèrè ìbéèrè gidi, mi ò fẹ́ kó lọ báyẹn. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè wo ìbuwọ́lù, ó lè wo láísẹ́ǹsì, ó lè rí kóòdù tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Kò lè mọ̀ bí ohùn bá yí padà. Ojú yẹn, àwa la máa pèsè rẹ̀, ibi yòówù tí láíbìrì náà bá wà.

Mo tún rò ó lálẹ́ àná, ó sì dà bí ẹni pé a ti ń wo ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tiyín. Podling tóbi jù fún yín. Apache Commons wà níbẹ̀, ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn láíbìrì Java kéékèèké: Lang, IO, Collections, Text. Bí iṣẹ́ tó ti wà nínú ilé bá fẹ́ gba kóòdù tẹ́ ẹ fi ta wọ́n lọ́rẹ, kò pọn dandan kẹ́ ẹ lọ ṣe ọmọṣẹ́ ní Incubator. Ìlànà kan tó kúrú wà, IP Clearance, tí wọ́n fi ń wádìí bóyá ẹrù náà mọ́, tí ìwé sì pé. Lẹ́yìn náà ó di apá kan iṣẹ́ wọn. Ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù ni orúkọ tiyín àti agbára láti dá pinnu.

Ọmọ_Ilé_Òkèrè · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:02 alẹ́

Èmi ni ọ̀rẹ́ tó wà ní Kánádà. Mo ka gbogbo rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin nígbà tí mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

Kí n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó dúró de release fún oṣù mẹ́rin. Bí mo ṣe dé ibí, mo rò pé màá máa rí àyè lálẹ́. Alẹ́ kò sí. Mo ti rí kọ́kọ́rọ́ náà gbà padà lára dísíìkì laptop tó bàjẹ́. Mo ti ka ìwé iṣẹ́ mi bí Amòfin ṣe wí; ó sọ pé ohun tí mo bá fi àsìkò tèmi àti kọ̀ǹpútà tèmi ṣe, tí kò bá jọ mọ́ iṣẹ́ wọn, tèmi ni. Màá tún gba ìwé lọ́wọ́ ọ̀gá mi kó lè dá gbogbo wa lójú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn, mi ò gbà. Ọ̀rẹ́ mi, o rántí alẹ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ. Iná ti lọ, a jókòó síta lábẹ́ igi máńgòrò, ìyá rẹ gbé ọkà wá fún wa, àwọn ló sì dá orúkọ náà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé tí a wò nìyẹn. Kó wá di "Text" lásán nínú ilé onílé? Ibi táwọn èèyàn bá ti rí i, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èdè wa ni.

Ajílété_Kóòdù · ọjọ́ Ọjọ́rú, 6:30 àárọ̀

Mo rántí o, ọ̀rẹ́ mi. Mi ò gbàgbé rí.

Mi ò fẹ́ jiyàn pẹ̀lú rẹ níta, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí ní oṣù mẹ́rin yẹn. Obìnrin kan tó ń ṣe ìwé orúkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé kọ̀wé sí mi nígbà mẹ́fà. Ìgbà kẹfà, kò bá mi wí mọ́, ó ní òun ti padà sí fífi ọwọ́ to orúkọ. Orúkọ tí ìyá mi dá wà lórí láíbìrì náà ní gbogbo àsìkò yẹn. Kò ran obìnrin náà lọ́wọ́.

Kì í ṣe pé mo ní ká ju orúkọ nù. Mo fẹ́ ká mọ èyí tó ṣáájú ni.

Olóòótọ́_Ọ̀rọ̀ · ọjọ́ Ọjọ́rú, 9:05 àárọ̀

Mo ti ń yí ọkàn padà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ àwọn ilé méjì mìíràn, bó bá jẹ́ orúkọ ló ń dun Ọmọ_Ilé_Òkèrè.

Software Freedom Conservancy wà láti 2006, ní New York. Git wà lábẹ́ rẹ̀, Inkscape náà. Wọ́n ń bá iṣẹ́ gba owó, wọ́n ń bá a pa dúkìá mọ́, wọn kì í sọ fún un bó ṣe máa kọ kóòdù. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tó bá wọlé ni wọ́n sábà ń mú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò ní owó tí ẹnikẹ́ni fẹ́ bá yín pa mọ́, nítorí náà mi ò rò pé ibẹ̀ ló kàn.

Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni Commonhaus, 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Hibernate wà níbẹ̀, Jackson wà níbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ Java mọ àwọn méjèèjì. Ìlànà wọn fúyẹ́ ju ti Apache lọ, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ìjọba ara rẹ̀ lọ́nà tirẹ̀. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀ ta ni yóò jogún iṣẹ́ bí olùtọ́jú bá kúrò ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀. Ẹjọ́ yín gan-an nìyẹn.

Amòfin_Ajílété · ọjọ́ Ọjọ́rú, 9:40 àárọ̀

Ibi yòówù tẹ́ ẹ bá lọ, ìwé kan náà ni wọ́n máa bi yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìbuwọ́lù jọ báyìí, ẹ má dúró kẹ́ ẹ tó yan ilé. Bákan náà, ẹ wádìí orúkọ yín dáadáa, bóyá ẹnì kan ti ń fi irú rẹ̀ ta sọ́fítíwìà níbòmíì. Apache ń ṣe ìwádìí yìí fún gbogbo podling kó tó gba fúrídọ̀ọ̀mù, ó sì ti mú kí àwọn kan yí orúkọ padà lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti mọ̀ wọ́n.

Ajílété_Kóòdù · ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 3:15 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́, iṣẹ́ là ń ṣe.

A kọ̀wé sí àwọn mọ́kànlá. Mẹ́sàn-án dáhùn, gbogbo wọn ló gbà. Ọ̀kan nínú wọn ti di bàbá ọmọ mẹ́ta ní Ṣakí, ó ní òun ti gbàgbé pé òun kọ kóòdù rí, inú rẹ̀ dùn débi pé ó pè mí lórí fóònù. Méjì la ò rí. Ọ̀kan tún àṣìṣe sípẹ́lì kan ṣe, èkejì fi ìlà mẹ́ta kún README, fáìlì àlàyé. A fi wọ́n sílẹ̀ bí Màmá Ìbejì ṣe wí.

ỌmọAkẹ̀sán ló tún ogójì ìlà yẹn kọ. Kò rí ti àtijọ́ rí, ojú ìwé kan péré ni mo fún un. Ó fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe é, ó sì rí àṣìṣe kan tó ti wà nínú ti tẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀: bí ìlà òòró bá wà lábẹ́ lẹ́tà ẹ, tí àmì ohùn sì ṣáájú rẹ̀, àmì ohùn á sọnù. Fáìlì ọ̀rọ̀, a jókòó ti ìyá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní ọ̀sán Àìkú méjì. Ọ̀rọ̀ 612 la kó jọ. Wọ́n jiyàn lórí orúkọ ewé kan títí ilẹ̀ fi ṣú, a kọ ọ́ ní ọ̀nà méjèèjì.

Èèyàn mẹ́ta ló ní àṣẹ lórí Maven Central báyìí: èmi, Akẹ́kọ̀ọ́_UnderG, ỌmọAkẹ̀sán. Kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ ni olúkúlùkù ń lò. Ọ̀rẹ́ mi fúnra rẹ̀ ló ní kí a yọ orúkọ òun kúrò, ó ní òun á máa ka kóòdù bí òun bá ráyè, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní í dúró de òun mọ́. Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀.

Lórí àjọ, gbogbo wa fẹnu kò. A kò lọ sí Incubator. Commons la kọ́kọ́ kọ̀wé sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti gbé láíbìrì fún wọn: apá kan ṣoṣo, èyí tó ń sọ U+0329 di U+0323, la ní bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n gbà, torí kì í ṣe Yorùbá nìkan ló nílò rẹ̀. Ìyókù, àti orúkọ rẹ̀, a ti ń kọ ìwé ìbéèrè sí Commonhaus. Màmá Ìbejì ti ka èyí tí a kọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì ti fi ọ̀rọ̀ pupa kún gbogbo ojú ìwé.

Release tuntun jáde ní àná ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́_UnderG ló buwọ́ lù ú.

Ìyá_Ìbejì · ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà mi, mo kọ́ ọ láti source, mo yẹ ìbuwọ́lù wò, ó pé. +1.

Atẹ̀wé_Sábó · ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:25 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ni atẹ̀wé tí wọ́n ń sọ. Wọ́n fi èyí tuntun sí kọ̀ǹpútà mi lọ́sàn-án yìí. Mo wá orúkọ ìdílé tó dá wàhálà sílẹ̀ ní 2019, iṣẹ́ mẹ́rìnlá ló jáde. Tẹ́lẹ̀, mẹ́fà ni.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo nǹkan kan. Orúkọ tó ní m̀ nínú, òun nìkan ni kò tíì bọ́ sípò nígbà tí mo tò wọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́_UnderG · ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:31 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé sà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé torí ń àti ǹ ní kóòdù tiwọn nínú Unicode, m̀ ni kò ní, a ò rántí rẹ̀. Ẹ fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí mi sà, iná wà ní Under G nísinsìnyí.